Gbèsè Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Tírákítọ̀ Alhaji Gwadabe ni mo tún ṣe,
oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bèèrè owó mi.
Ìgbà tí yóò san án, ẹṣin ló fà lé mi lọ́wọ́,
akọ ẹṣin pupa tó ti da ọkùnrin mẹ́rin,
tó ti bu èjìká ẹnì karùn-ún jẹ.
Gádámà lorúkọ rẹ̀. Àríyànjiyàn ni lédè Háúsá.
Gbogbo Dáúrà ló fi mí rẹ́rìn-ín:
mẹkáníìkì ará Ìkìrun
tó fi sípánà gba wàhálà onírù.

Kò bá gàárì wá.
Bó tilẹ̀ bá a wá, ibo la fẹ́ gbé e lé?
Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí títì tí òjò ti jẹ,
àpá lórí àpá,
níbi tí gàárì àwọn ọlọ́lá ti ha á dé egungun.
Mo nawọ́ sí i, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí pẹ́kẹ́.
Mo sún mọ́ ọn, ó tàpá:
korobá omi fò lọ bá ògiri, ó ya.

Mo mọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì kì í rántí.
Fa epo dúdú inú rẹ̀ dànù, fọ̀ ọ́, rọ tuntun sí i,
àná ti tán nínú irin.
Kí ni n óò wá fi fọ àná kúrò lára ẹlẹ́mìí?

Bàbá Tánkò, tí eyín rẹ̀ ku méjì,
tó ti fi ogójì ọdún tọ́jú ẹṣin ẹlẹ́ṣin,
ní kí n lọ gbé àga.
"Jókòó tì í. Má ṣe nǹkan kan."
Ọjọ́ mẹ́fà ni mo jókòó lábẹ́ dógóyárò,
mo ń bó ẹ̀pà, mo ń fi Yorùbá rojọ́ fún un:
owó ilé, eyín tó ń dùn mí,
ìyàwó mi ní Ìkìrun tí kì í gbé fóònù.
Lọ́jọ́ keje, ó fi imú kan ẹ̀yìn ọrùn mi.
Èémí rẹ̀ gbóná, ó ń rùn bíi koríko tí òjò pa.
N kò yíjú.

Lẹ́yìn náà ló kan ọwọ́.
Ọrùn, èjìká; níbi tí àpá ti bẹ̀rẹ̀, mo dúró,
mo yọ ọwọ́ kó tó ní kí n yọ ọ́.
Lẹ́yìn ọwọ́, àpò ìdọ̀họ tó ṣófo.
Lẹ́yìn òfìfo, àpò tí bàbà wà nínú rẹ̀.
Ó gbọ̀n ọ́n dànù lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún, mo kà á.
Wọ́n ní bí ẹṣin bá dá ni, ṣe là á tún un gùn.
Ẹni tó pa òwe yẹn kò bi ẹṣin léèrè.

Ọyẹ́ wá mú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí eruku fún ojú ọ̀run pa,
mo gun táyà àlòkù, mo fi ikùn lé e
bí aṣọ tí a sá sórí okùn,
ẹsẹ̀ níhìn-ín, orí lọ́hùn-ún,
owó ẹyọ ń já bọ́ lápò mi.
Ara rẹ̀ gan. Gbogbo iṣan rẹ̀ ń gbọ̀n.
Mo rọra mí. Mo tún mí.
Òun náà mí kanlẹ̀, ó sì tọ̀,
ìtọ̀ gígùn tí kò fẹ́ẹ́ tán.
Bàbá Tánkò pàtẹ́wọ́ láìjẹ́ kí ọwọ́ kan ọwọ́.

Ìgbà náà ni mo yí ẹsẹ̀ kejì dá.
Kò sí awọ láàárín wa, kò sí irin.
Bí ẹ̀rù bá bà mí, itan mi ló máa fi gbọ́;
irọ́ kò ṣeé pa níbẹ̀.
A kò lọ síbì kankan.
Ó ń jẹ ewé ẹ̀pà, ẹsẹ̀ mi ń mì dìrọ̀dìrọ̀.

Alhaji Gwadabe ń kọjá lórí ọ̀kadà,
ó ní kí ọlọ́kadà dúró. Ó wò wá, wò wá.
"Ọ̀gá Oyètọ́rọ̀, owó yín ti wà nílẹ̀ o.
Lọ́la ni n óò mú un wá, kí n wá mú ẹṣin mi."
Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá ìdajì gbólóhùn yẹn.
N kò dá a lóhùn.
Etí Gádámà ti yí sẹ́yìn,
ó ń retí ohun tí n óò wí.